Àtàǹpàkò Bàbá Mi Lórí Pápá Kíríkẹ́ẹ̀tì

Àtàǹpàkò ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní London. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tí mo dì sínú ọ̀rá wá láti Ìwó, kì í sì í ṣe ọdún mọ́kànlá tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Peckham. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè rẹ̀ rí.

Ilé Aunty Sẹ̀kínà ni mo dé sí, lẹ́yìn Rye Lane. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí, wọ́n sì máa ń fi yàrá háyà fún àwa ará ilé. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi lára. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Peckham kì í ṣe òtútù, torí mo ti múra de òtútù. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé gbogbo nǹkan ilé ló wà níbẹ̀, iṣu, èlùbọ́, panla, àwọn èèyàn tó ń fi Yorùbá pariwo lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Ní Ìwó, mi ò lè rìn láti ilé dé ilé ìwé kí n má kí ogún èèyàn. Àgbàlagbà tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ní Rye Lane, ńṣe ló fún báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, tó yára kọjá. Yorùbá sì ni o. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù rẹ̀ kí n tó kí i.

Iṣẹ́ tí Aunty bá mi wá ni fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan lápá Forest Hill. Pápá kékeré ni, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹgbẹ́ àgbègbè kan máa ń yá a lò fún ìdíje abẹ́lé wọn, níbi tí àgbègbè kan ti ń fi ọjọ́ mẹ́rin bá àgbègbè kejì díje. Mi ò rí kíríkẹ́ẹ̀tì rí láyé mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bá àwọn ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò funfun tí wọ́n dúró káàkiri inú koríko. Ọ̀kan á ju bọ́ọ̀lù, èkejì á fi pátákó dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó máa sáré. Nígbà tó yá, gbogbo wọn wọlé lọ mu tíì. Mo bi obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti aago mọ́kànlá ni.

Ní àárín pápá yẹn, ilẹ̀ tóóró kan wà, gígùn rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ ńlá lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní pitch. Koríko ni gbogbo ìyókù. Amọ̀ ni ti àárín yìí, tí wọ́n fi rólà tẹ̀ títí tó fi le bí ilẹ̀ pálọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń ta kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di pátákó mú. Bí ilẹ̀ bá dára, bọ́ọ̀lù á ta bó ṣe yẹ. Bí kò bá dára, ọ̀kan á rá pálá, èkejì á fò mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Bàbá mi sì rèé, ọ̀mọlé ni wọ́n. Kí búlọ́ọ̀kù tó gba ìlú, àwọn ni wọ́n mọ ìdajì àwọn ilé alámọ̀ tó wà ládùúgbò wa. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ilẹ̀ yàrá tán, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Bí ìka bá wọlé tó fa amọ̀ jáde, ilẹ̀ ṣì tutù, má fọwọ́ kàn án. Bó bá wọlé díẹ̀ tí kò mú nǹkan bọ̀, àsìkò nìyẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Bí kò bá wọlé mọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní, “Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Bó ṣe wà ló máa wà.” Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí léwe títí ó fi sú mi.

Ọ̀gá tó ń tọ́jú pápá ń jẹ́ Keith, òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó lè wà lọ́jọ́ kan gbáko kó má sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo rí i tó fẹ́ gbé rólà gun ilẹ̀ àárín náà. Mo gbé búkẹ́ẹ̀tì dání, ó yẹ kí n kọjá. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, amọ̀ sì bá ìka mi jáde.

Mo ní, “Sà, kì í ṣe òní. Ọ̀la, lẹ́yìn aago méjìlá.”

Ó wò mí, ó wo búkẹ́ẹ̀tì. Ó gbé rólà rẹ̀ gùn ún. Kò tíì lọ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tí rólà fi ṣí awọ ilẹ̀ náà dànù bí ẹni ṣí èépá ojú egbò. Lọ́jọ́ kejì, ó wá mi wá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Bàbá mi.”

“Pápá wo ló ń tọ́jú?”

“Kì í ṣe pápá. Ilé ló ń mọ.”

Ó ní, “Gbé búkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀.”

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ìyá mi ti kú.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n, tí a bá kírun tán, mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ tí atẹ́gùn ò ti ní gbé ohùn mi lọ. Ìyàwó mi ti kọ̀ mí kí n tó kúrò nílé, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, a ò sì bímọ. Bàbá nìkan ni mo ní tó ń dúró dè mí. Rafiu àbúrò mi ń bá wọn gbélé, òun ló ń gbé fóònù sí wọn létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ń tì í lójú. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé máníjà ni mí. Bàbá ò bá wọn sọ ti máníjà. Ìbéèrè kan náà ni tiwọn.

“Ilẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà, Bàbá. A bomi rin ín lánàá.”

“Ó mu ún tán?”

“Ó mu ún tán.”

“Má jẹ́ kí wọ́n kánjú ẹ.”

Mo ṣàlàyé test match fún wọn: orílẹ̀-èdè méjì, ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn kò ní sí ẹni tó borí. Bàbá ní, “Ọjọ́ márùn-ún, tí wọn ò sì rí i dá? Ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe eré.”

Keith ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí a ń kó rólà sí. Tí test match bá ń lọ ní ìlú kan, tó bá wá parí lọ́jọ́ kejì, inú á bí i bí ẹni pé òun ni wọ́n rẹ́ jẹ. Òun ló kọ́ mi pé ilẹ̀ test match tó dára kì í ṣe èyí tí kò ní là. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ní omi díẹ̀ nínú, kí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù rí nǹkan jẹ. Lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, ẹni tó di pátákó mú ló ni ín. Tó bá di ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, kó máa là díẹ̀díẹ̀, kí bọ́ọ̀lù máa yí. Èyí tó bá là lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ burúkú ni. Èyí tí kò bá là títí dé ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ burúkú ni òun náà, torí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lójútùú. Mo sọ ọ́ fún Bàbá bó ṣe rí. Wọ́n ní òyìnbó yẹn, bóyá wọ́n ti mọlé rí ní ìran rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni Jímọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, èmi àti Keith tí kì í sọ̀rọ̀ la wà ńbẹ̀, tàbí èmi àti ògiri. Bísọ́lá, ọmọ Aunty tí wọ́n bí síbí, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní kíṣìnnì. “Uncle, no offence, ṣùgbọ́n who even watches cricket? Ẹ̀ ń gé grass, innit.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti padà sí yàrá, ẹ̀rín náà ti tán.

Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, a máa ń da amọ̀ tuntun lé ilẹ̀ náà lórí. Ọkọ̀ ńlá ló ń kó o wá láti ibòmíràn. Keith ò ní jẹ́ kí n dà á lẹ́sẹ̀ kan náà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ti àtijọ́ lára, kí méjèèjì lè dira wọn mú. Ó ní bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọdún mẹ́wàá jókòó léra wọn láìdi ọ̀kan, ojú lásán ò sì ní rí i, bọ́ọ̀lù ló máa fi hàn. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, mo ronú kan Aunty Sẹ̀kínà, tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ pé “nígbà tí mo bá padà sílé,” tí wọn ò sì tíì ra ẹyọ síbí ìjẹun tó dára kan, torí wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ lọ. Mo ronú kan ara mi náà. Mo ti lo ọdún mẹ́fà nígbà náà, mi ò sì tíì kan àwòrán kankan mọ́ ògiri. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní ọdún kẹta mi, ìyá Mùtíù tó wà ní yàrá kejì kú ní Ẹdẹ. Mùtíù ń múra ìdánwò ìwakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ pe Aunty, Aunty sì pe Álfà mọ́ṣáláṣí wa àti èmi. A fi ikú náà pamọ́ fún un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń bá a jẹun, mo ń bi í pé ìdánwò ńkọ́, mo sì mọ̀. Ọjọ́ tó yege, àwa mẹ́ta jókòó dè é ní pálọ̀, a pa tẹlifíṣọ̀n, a gbé ife omi kan síwájú àga tó ṣófo. Bó ṣe rí omi yẹn ló ti mọ̀. Mo rò nígbà náà pé oore la ṣe é.

Lóṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, ìwé ìgbélùú mi jáde. Mo lè lọ, mo lè bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Bàbá ti ra àgbò Iléyá, wọ́n so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Ohùn àgbò yẹn há bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó dá sí i. Bàbá sọ ọ́ ní Alága. Bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, Alága á ké, Bàbá á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ẹ jẹ́ ká parí,” a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, “Wá fọwọ́ ara rẹ pa á. Mo fẹ́ rí ẹ.”

Mi ò gbọ́ kí Bàbá sọ pé wọ́n fẹ́ rí mi rí. Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ wọn. Ó sì yẹ kí n gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín sáà ni Iléyá bọ́ sí, olùrànlọ́wọ́ onígbà díẹ̀ sì ni mí, Keith sì ti sọ pé bí mo bá lo sáà yìí já láìfi í sílẹ̀, òun máa bá mi sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí Sẹ̀tẹ́ńbà. Bí mo bá ti rí iṣẹ́ yìí gbà, mo máa wá lo oṣù kan gbáko.”

Alága ké. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹni tó ń tẹ́ ilẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ ní tútù. Parí ilẹ̀ rẹ.”

Wọ́n pa Alága ní Iléyá láìsí mi. Rafiu fi àwòrán ẹran ránṣẹ́.

Lóṣù Kẹjọ, ilẹ̀ wa gba àmì burúkú. Bọ́ọ̀lù kan fò, ó fọ́ ìka ẹnì kan, ọkùnrin tí àwọn aláṣẹ ìdíje rán wá wo ilẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje ìkẹyìn ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹgbẹ́ àgbègbè yẹn ò ní wá mọ́, pápá ò sì ní nílò ẹni kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Ó yẹ kí n pa ẹnu mi mọ́. Ikọ́ ń ṣe wọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ní atẹ́gùn lásán ni.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú Sẹ̀tẹ́ńbà, Rafiu ló gbé fóònù.

“Bọ̀dá mi, Bàbá ń sùn.”

“Ariwo ta ni mò ń gbọ́ yẹn?”

“Ìsọmọlórúkọ ni, ní ilé kejì.”

Ní Jímọ̀ kejì, ó ní wọ́n ti jáde. Mo ní, jáde lọ síbo? Ó ní network ò dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo sinmi nígbà tí voice note kan wọlé lọ́jọ́ kejì, ohùn Bàbá ketekete, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Mo fi àdúrà yẹn sétí lẹ́ẹ̀mẹta nínú bọ́ọ̀sì.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀ náà dùn ún wò. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn eléré wọlé lọ mu tíì, tí a ti fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ilẹ̀ tán, voice note mìíràn wọlé. Mo jókòó lórí rólà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo tẹ̀ ẹ́.

“Ara mi le,” Bàbá wí. “Má jẹ́ kí ọkàn rẹ pín sí méjì. Ilẹ̀ ńkọ́?”

Wọ́n sinmi díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, àgbò kan ké, ohùn rẹ̀ há bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Mo tún un gbọ́. Mo tún un gbọ́. Alága ni, àgbò tí wọ́n ti jẹ láti Iléyá.

Mo mọ ibi tí Rafiu ti rí i. Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀, bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, tàbí bí Alága bá bà á jẹ́, wọ́n á ní kó má fi ránṣẹ́, ká tún òmíràn ṣe. Àwọn èyí tí Bàbá ti jù nù ló ń ṣà fún mi. Kò sì gbọ́ ọ dópin kó tó fi í ránṣẹ́.

Mi ò pè é. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá bi í, ó máa sọ, bó bá sì sọ, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Keith yọjú, ó ní wọ́n ti ń jáde bọ̀. Mo dìde. Fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi gbá ilẹ̀ yẹn, tí mo fi tún ìlà funfun rẹ̀ fà, tí mo fi kúnlẹ̀ dí ihò tí bàtà àwọn eléré gbẹ́, mi ò sì sunkún. Ilẹ̀ náà là lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe yẹ kó là. Ẹni tó wá wò ó kọ ọ́ pé ó dára gan-an. Keith, tí kì í fọwọ́ kan èèyàn, dì mọ́ mi. Ó ní iṣẹ́ ti di tèmi, kí n lọ sọ fún bàbá mi.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé Peckham. Aunty Sẹ̀kínà wà ní pálọ̀ pẹ̀lú Álfà àti Mùtíù. Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ife omi wà lórí tábìlì, níwájú àga tó ṣófo.

“Tíṣà, jókòó, jọ̀ọ́,” Aunty wí.

Mo ní, “Ẹ má ṣe wàhálà, Aunty. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Tuesday. Ìgbà wo ni?”

Aunty bú sẹ́kún. Álfà ló dá mi lóhùn. “Friday, bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ti kírun sí wọn lára. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ náà ti kọjá.”

Ìsọmọlórúkọ ní ilé kejì nìyẹn. Ariwo àwọn tó ń sin bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́tí ibùdókọ̀.

“Bàbá gan-an ló ní ká má sọ,” Aunty wí. “Rafiu ní wọ́n mú un búra. Wọ́n ní, ẹ jẹ́ kó parí ilẹ̀ rẹ̀.”

Mùtíù gbé ife omi náà lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún.

Nígbà tí mo dé Ìwó, mo bá a pé ìdí igi máńgòrò ni wọ́n sin Bàbá sí. Èèkàn Alága ṣì wà níbẹ̀. Rafiu dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, mo ní kó dìde, kò sí ohun tó ṣe. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ Bàbá àtijọ́ ló po amọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ ojú sàréè náà, wọ́n lù ú bí Bàbá ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì fi páànù bò ó kí òjò má bà á jẹ́. Mo gbé páànù náà kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe. Ó tẹ́jú, kò là níbì kankan.

Mo kúnlẹ̀, mo ki àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́. Kò wọlé. Mo tún un tẹ̀, mo fi gbogbo ara mi tì í, Rafiu ń pè mí pé Bọ̀dá, ó tó. Kò wọlé.